Igi Kan Láti Ilé Kọ̀ọ̀kan

Silkandi, àgbègbè Pauri
Ogúnjọ́, oṣù Keje, ọdún 2000

Digambar ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹ ẹ́ tán ná. Oúnjẹ ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ìyá rẹ ti kú. Nínú oṣù Asar ni, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibà ló mú un, a sì rò pé ibà lásán ni. O mọ ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn nísàlẹ̀ odò. Òkè ti ya dí títì, ọkọ̀ kankan ò kọjá. Mo ní kí n pọ̀n ọ́n lọ. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá pọn garawa omi kan, ààbọ̀ ló ń délé?" Nínú ohun tó sọ gbẹ̀yìn, ìyẹn nìkan ló ṣe é tún sọ fún ọmọ. Ó sùn, kò jí mọ́.

Mi ò tíì sunkún. Má bi mí ìdí. Mò ń retí ẹkún náà, kò tíì dé. Bóyá òkè tó ya ló dí òun náà lọ́nà.

Èjìká ló kọ́kọ́ di wàhálà. Ẹni mẹ́rin ní í gbé òkú. Mo jáde síta, mo wo àwọn ọkùnrin tó ṣẹ́ kù ní abúlé: èmi, Padam ẹlẹ́sẹ̀ kan ààbọ̀, àti Chandru tí kò gbọ́ràn. Ó parí. Ní gbogbo ilé yòókù, àgádágodo ni baálé. A jókòó ti ìyá rẹ, à ń wo ara wa. Bẹ́ẹ̀ ni Rukam akólẹ́tà yọ lórí òkè, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ń pariwo bọ̀ pé, "Bàbá Matbar! Ìwé ti Muscat dé! Ẹ gbé tíì kaná!"

Padam dá a lóhùn pé, "Gbé àpò yẹn kalẹ̀, wá gbé èyí."

Rukam bọ́ bàtà rẹ̀. Àpò nìkan ni kò gbé kalẹ̀, torí ti ìjọba ni, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bí ìwé rẹ ṣe bá wa sin ìyá rẹ dé odò Nayar nìyẹn. Òjò wọ inú àpò. Ojú kìíní ìwé náà ṣì ṣe é kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti di omi aró. Kí lo kọ síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ igi náà tún wà ńlẹ̀. O mọ àṣà wa: ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé á mú igi kan wá fún iná òkú. Ilé tí kò bá mú wá, ìjà ló ń bá òkú jà. Ìyá rẹ ò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí, àfi èmi. Mi ò lè jẹ́ kó lọ bí ẹni tí abúlé kọ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo àwọn tó lọ ṣáà wà lọ́wọ́ mi. Mo bá ṣí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé mọ́kànlá, mo mú igi kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tì í padà. Igi wọn ti gbẹ tipẹ́. Ó jó dáadáa lábẹ́ òjò.

Èmi ni mo tanná sí i. Ìwọ ló yẹ kó o ṣe é. Mi ò fi bú ọ o, mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Màlúù ti bí. Akọ ni. Kò wúlò fún nǹkan kan, oúnjẹ ló ṣáà ń jẹ. Mo sọ ọ́ ní Digambar.

Èmi bàbá rẹ,
Matbar Singh, tó ń dáná fúnra rẹ̀ báyìí. Bá mi gbàdúrà fún ikùn mi.


Muscat
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 2000

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ìwé yín dé. Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí.

Orí àpò àlùbọ́sà ni mo jókòó sí, lẹ́yìn ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì. Mo kà á tán, mo dìde, mo padà sídìí iṣẹ́, torí àlejò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń gé àlùbọ́sà. Mo rò ó pé ó dáa bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tí í bi ẹni tó ń gé àlùbọ́sà pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ṣùgbọ́n omi ò jáde lójú mi. Àlùbọ́sà gan-an ò ta mí.

Kundan ló fá orí ọ̀fọ̀ fún mi. Ẹ mọ̀ pé èmi àti òun, ọmọ Bàbá Dhoom Singh tí ilé wọn wà lókè tiwa, la jọ ń sùn nínú yàrá kan níbí, ibùsùn tirẹ̀ lókè, tèmi nísàlẹ̀. Abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ló lò. Ó rọra ṣe é. Ọ̀gá ilé ìdáná rí orí mi láàárọ̀, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Wá fìlà dé."

Ohun tí mo kọ sẹ́yìn ìwé yẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mo bi ìyá bóyá màlúù ti bí. Ẹ ti dáhùn.

Mi ò lè wá nísinsìnyí. Ìwé ìrìnnà wa wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọdún méjì méjì la ń gba ìsinmi. Tèmi á kàn nínú oṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Màá wá fún barsi ìyá, ká jọ ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀. Mo ti ṣèlérí ìyẹn fún un. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kotdwar, kí ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Sureshi ìyàwó mi àti ọmọ. Yàrá kan péré ni wọ́n háyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ilé ìwé ọmọ ò sì jìnnà. Kí lẹ tún ń ṣọ́ ní Silkandi?

Èmi ọmọ yín,
Digambar


Silkandi
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 2000

Digambar onífìlà,

Àlàáfíà la wà níbí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èmi, màlúù, àti ọmọ màlúù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ. Ó ń jẹun jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ò tíì béèrè pé kí n kó lọ sí Kotdwar.

O ní kí ni mò ń ṣọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ṣé o rò pé àgádágodo ló ń mú ilé òkúta dúró? Èéfín ni. Bí èéfín ò bá yọ láàárín òkúta òrùlé, kòkòrò á jẹ igi àjà, òrùlé á wọlé. Nítorí náà mò ń dáná sínú ilé wọn, ilé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ẹni tó bá ń wò wá láti òdìkejì àfonífojì, á ní abúlé yìí mà kún o. Rukam ní obìnrin kan lọ́hùn-ún tilẹ̀ ń bèèrè bóyá a ní ọkọ tó dáa fún ọmọ òun. Mo ní kó sọ fún un pé èmi wà.

Àwọn ọ̀bọ ló kórè ọkà mandua ọdún yìí. Ìmàdò ló ń bá wa túlẹ̀, láìgba owó. Àwa kàn ń gbin nǹkan síbẹ̀ fún wọn ni. Ẹkùn gbé ajá Chandru ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Chandru ò gbọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jókòó, ó ń pe ajá.

Mi ò dá ọ lẹ́bi pé o lọ. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé nígbà ayé àwọn jagunjagun Gurkha, wọ́n ń kó èèyàn lórí òkè yìí lọ tà. Òyìnbó dé, ó lé Gurkha lọ, ó sì ń kó ọkùnrin lọ jagun. Bàbá bàbá mi náà lọ, ó padà pẹ̀lú ìka mẹ́jọ. Ìjọba tiwa wá dé, òun ò kó ẹnikẹ́ni. A ń lọ fúnra wa. Èmi náà fọ abọ́ ní Delhi nígbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù mí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mo padà, torí mo fọ́ abọ́ ju èyí tí mo fọ̀ lọ.

Kotdwar yẹn, mo lọ síbẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ tẹ́ ibùsùn fún mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìyàwó rere ni. Aládùúgbò wọn bi mí pé, "Bàbá, ìlú wo lẹ ti wá?" Mo dárúkọ abúlé wa. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Mo ní ó ga gan-an. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n." Mo wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà.

Wá fún barsi ìyá rẹ. Kì í ṣe torí tirẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ Padam ò gba òkè mọ́, Chandru ti ń gbọ̀n, wọn ò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn Rukam tì. Mo ń wá èjìká mẹ́rin sílẹ̀ de ọjọ́ tèmi. Mo kà á títí, ó pé mẹ́rin, inú mi dùn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé mo ti ka ara mi mọ́ ọn.

Bàbá rẹ tó ní ilé méjìlá,
Matbar Singh


Muscat
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kejìlá, ọdún 2000

Bàbá,

Mo kí yín. Òtútù á ti mú níbẹ̀. Níbí kò mú.

Ọ̀rọ̀ kan dé tí mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Nígbà àjọ̀dún àtùpà, àbúrò Bàbá Dhoom Singh wá sí Silkandi láti wá bọ òòṣà ilé wọn. Ó ní òun wá igi ìtúlẹ̀ wọn tì, èyí tí màlúù bàbá bàbá wọn ń fà láyé àtijọ́. Ó bi Padam. Padam sọ fún un pé iná ìyá mi ló jó o.

Ọ̀rọ̀ náà dé Delhi, láti Delhi ó dé ọ̀dọ̀ Kundan. Kundan bọ́ sílẹ̀ láti orí ibùsùn rẹ̀, ó ní, "Bàbá rẹ fọ́ ilé wa."

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ wọn."

Ó ní, "Olè tó ní kọ́kọ́rọ́ náà, olè ni."

Mo ní kí ló fẹ́ fi igi ìtúlẹ̀ ṣe ní Muscat. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ará Kerala. Ọkùnrin mìíràn ló ń sùn lókè mi báyìí, ó ń hanrun.

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Nínú gbogbo igi tó wà lórí òkè, igi ìtúlẹ̀ onígi ìtúlẹ̀? Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti túlẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá túlẹ̀ lọ́jọ́ kan nìyẹn. Kundan ló fá orí fún mi. Ẹ dá mi lóhùn.

Digambar


Silkandi
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2001

Digambar,

Mi ò tètè fèsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé rẹ, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún un kà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wá tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìkòkò, mò ń wò ó.

Òótọ́ ni. Ilé Dhoom Singh ni mo ṣí kẹ́yìn, kò sì sí igi ìdáná kankan níbẹ̀. Ṣé kí gbogbo abúlé wà nídìí iná ìyá rẹ, kí ilé Dhoom Singh nìkan má sí níbẹ̀? Ìyá rẹ ló gbẹ̀bí Kundan! Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án láyé. Mo ń fọwọ́ tálẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ṣókùnkùn, ọwọ́ mi ba igi kan tí wọ́n fi àpò yí lára. Mo gbé e. Mo sáré, torí òjò. Ìgbà tí àpò náà jó tán ni mo rí irin ẹnu rẹ̀ tó ń pọ́n nínú iná.

Padam ní, "Matbar, irú igi wo ló hu eyín yìí?"

Mo ní kó panu mọ́. Ìwọ náà wò ó bó ṣe panu mọ́. Irin náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró pa á.

Jẹ́ kí n fìyẹn sílẹ̀ ná. Ìjọba ń ka èèyàn ní gbogbo àgbègbè Pauri nínú oṣù tó kọjá. Tíṣà ọmọdé kan ni wọ́n rán sí wa, ó gun òkè dé pẹ̀lú ahọ́n níta. Mo fún un ní tíì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?"

"Márùn-ún."

"Ẹ dárúkọ wọn."

"Èmi."

"Ẹ̀ẹ́n."

"Ìyàwó mi, Saturi."

"Ìyá dà?"

"Ó wà nínú odò Nayar láti Asar."

Ó wo bírò rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Mi ò lè kọ ìyẹn. Ta ló tún kù?"

"Ọmọ mi, Digambar."

"Níbo ló wà?"

"Muscat."

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Kò pẹ́. Ọdún mẹ́rin."

"Háà, Bàbá! Òun náà ò ṣe é kọ."

"Kúbùsù rẹ̀ wà nínú ilé. Kọ kúbùsù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Sureshi àti ọmọ, ó ní Kotdwar ló máa kà wọ́n. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní, "Mélòó lo kọ?" Ó ní, "Ẹnì kan." Mo ní kó ka màlúù mọ́ ọn, ó ní màlúù ní tiwọn lọ́tọ̀. Bó ṣe ń jáde lọ ló rí èéfín lókè. "Ta ló ń gbé lọ́hùn-ún?" Mo ní èmi ni. "Ìyẹn ńkọ́, nísàlẹ̀?" Èmi náà ni, iná àárọ̀ ni. Ó wò mí títí. "Bàbá, ilé mélòó gan-an lẹ ń gbé?" Mo ní kó kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan. Mo sọ ọ́ fún ọmọ màlúù, kò dùn ún. Ìwọ ńkọ́, ṣé wọ́n kà ọ́ níbẹ̀? Wọ́n tún ní a ti ní ìpínlẹ̀ tuntun láti oṣù Kọkànlá, wọ́n pín nǹkan dídùn fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Padam bèèrè bóyá ìpínlẹ̀ náà gbé omi dání.

Ó dáa. Lẹ́yìn tí Tíṣà lọ, mo jókòó, orí mi ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn onílé mọ́kànlá, ní Delhi, ní Dehradun, ní Mumbai. Ohun kan náà ni mo kọ sí wọn: "Mo ṣí ilé rẹ láìgbàṣẹ, mo sì sun igi rẹ. Bí inú bá ń bí ọ, wá bá mi ṣẹjọ́ ní Silkandi lọ́jọ́ barsi Saturi. Kí ọkùnrin kan wá láti ilé kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá wá, màá gbà pé o dárí jì mí, màá sì tún ṣí i."

Mo ti fi ìfẹ́ pè wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò wá. Mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á wá torí ìbínú. Ìwọ náà á sì wà níbẹ̀. Ìwọ lo máa bá mi bu oúnjẹ fún wọn.

Bàbá rẹ, olè tó ní kọ́kọ́rọ́,
Matbar Singh


Muscat
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001

Bàbá,

Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Bàbá Dhoom Singh kọ̀wé sí Kundan pé kó wá bá òun ní Silkandi lọ́jọ́ barsi, torí orúnkún òun ò lè gun òkè náà lóun nìkan. Ìsinmi Kundan náà ti kàn. Ó lọ bá ọ̀gá kí n tó lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìdáná lè jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà lọ. Ọ̀gá ní, "Abúlé kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà? Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, ìgbéyàwó?" Mo ní rárá, igi ìtúlẹ̀ ni. Kò yé e. Ó ní kí n lọ nínú oṣù Kẹsàn-án.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, barsi ti kọjá.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Bàbá Dhoom Singh. Ẹ ní kí wọ́n má wá mọ́. Ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ ní ẹ ó gbẹ́ òmíràn fún wọn. Bí wọn ò bá wá, Kundan ò ní lọ, àyè náà á di tèmi. Mi ò tíì bẹ̀ yín ní nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Èyí ni mo bẹ̀.

Ẹ bèèrè bóyá wọ́n kà mí níbí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Bí ẹ kò bá kà mí níbẹ̀, tí wọn ò sì kà mí níbí, a jẹ́ pé mi ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kò dùn mí. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí, bí ẹ ṣe máa ń wí.

Mo ń retí yín.

Digambar


Muscat
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2001

Bàbá,

Mi ò rí ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ yín.

Kundan wọ ọkọ̀ òfurufú lónìí. Mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ó wá ní, "Kí ni kí n bá ọ sọ fún Bàbá rẹ?"

Mo ní kó wò ó bóyá ẹ ń jẹun.

Ó ní, "Ìjà ni mo ń lọ jà, mi ò lọ wo ikùn ẹnikẹ́ni."

Mo ní kó jà á, kó sì wò ó.

Digambar


Silkandi
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2001

Digambar ọmọ mi,

Ìwé tó o fi bẹ̀ mí, ọjọ́ kejì barsi ló tó dé. Òkè tún ya. Rukam ti fẹ̀yìn tì, ọmọ tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ kí ọ̀nà tó là. Bí ó bá ti dé ṣáájú ńkọ́, ṣé ǹ bá kọ̀wé sí Dhoom? Mi ò mọ̀.

Wọ́n wá. Nínú ilé mọ́kànlá, mẹ́sàn-án wá. Wọ́n ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹjọ́ tirẹ̀ dání. Èéfín ń yọ lórí ilé, kò sì sí ọwọ́ mi níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́wàá ní Silkandi, Kundan mọ́ ọn! Ogún èjìká! Èmi aláìlóríire wá wà níbẹ̀, ara mi le koko bí òkúta. Mo jẹ́ kí ọjọ́ rere ṣòfò. Mo tilẹ̀ dán an wò láti wúkọ́, Padam ní kí n yéé purọ́.

Dhoom Singh ló dé kẹ́yìn, Kundan ń tì í lẹ́yìn. Kò kí mi. Ó ní, "Matbar, olè!"

Mo ní, "Dhoom, káàbọ̀. Olè ti po tíì dè ọ́."

"Mi ò mu tíì olè."

"Ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀."

Ó gbà á. Nígbà tí àlùfáà parí ètùtù ìyá rẹ, tí gbogbo wọn jẹun tán, a bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Àwọn yòókù ò rí nǹkan rò. Ta ló fẹ́ pariwo nítorí igi ìdáná? Gbogbo ojú wá yí sí Dhoom. Ó ní, "Igi ìtúlẹ̀ bàbá mi!"

Mo ní, "Ìgbà wo lo fi túlẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀!"

Mo ní òótọ́ ni, ìyẹn kọ́. Mo gbé irin náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Saturi ló gbẹ̀bí ọmọ tó tì ọ́ lẹ́yìn gun òkè yìí. Mi ò fẹ́ kí ilé rẹ má sí níbẹ̀. Igi mìíràn ò sí nínú ilé rẹ."

Ó ń yí irin náà lọ́wọ́. Ó ní, "O ò bá ti yọ ilẹ̀kùn."

Mo ní, "Kí ni màá wá tì?"

Padam bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Dhoom gbé igi kan wá nínú èyí tí wọ́n fi dáná lálẹ́, ó jù ú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, gbì! Ó ní, "Ti ilé mi nìyẹn, de ọjọ́ tìrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má tún wọ ilé mi wá wá igi." Àwọn yòókù wò ó. Ẹnì kan padà sílé rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ wá. Ẹlòmíràn náà gbé e. Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń mu tíì, wọ́n ń to igi òkú mi síwájú mi. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀. Mo ká a.

Wọn ò ní lè wá lọ́jọ́ tí mo bá kú, Digambar. Wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wọn lé mi lọ́wọ́ padà.

Kundan ló ṣẹ́ kù. Ó ṣí ìkòkò mi, ó yọjú wo inú rẹ̀. Mo ní, "Kí lò ń wá?" Ó ní, "Digambar ní kí n wò ó." Ó dé e padà. Ó wá mú àáké, ó gun ẹ̀yìn ilé màlúù lọ, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ó padà pẹ̀lú igi banj kan tí omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó ní, "Ti Digambar nìyí. Èmi ni mo gba àyè rẹ̀, èmi ni màá gé igi rẹ̀."

Mo ní, "Mú gbígbẹ nínú tèmi."

Ó ní, "Ìyẹn tiyín ni. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó lọ. Bí ó bá ti dé, jẹ́ kó padà sókè ibùsùn rẹ̀.

Wàyí o, òjò ń rọ̀ láti ọjọ́ náà, igi gbígbẹ tèmi ti tán, kò sì sí òmíràn lórí gbogbo òkè yìí, àfi èyí tó wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo wò ó fún ọjọ́ kan. Ebi pa mí. Bá mi sọ fún Kundan pé igi bàbá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi dáná, ó se ẹ̀wà jinná dáadáa. Mo ti sun mẹ́fà nínú wọn, màá sun ìyókù. Kò sẹ́ni tó máa fi igi ra ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi dípò kó wá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n ní igi, kí wọ́n gbé òmíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀. Màá kọ̀wé sí wọn. Mo ti mọ ohun tí màá fi bú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Tìrẹ nìkan ni kò jó. Mo gbé e síná lẹ́ẹ̀kan, èéfín lásán ló ń rú. Mo yọ ọ́, mo gbé e ti ògiri lẹ́bàá ààrò, níbi tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí. Banj tútù kì í gbẹ kí ọdún tó yí po. Mo ti sọ fún igi náà pé mi ò kánjú.

Èmi bàbá rẹ, ẹnì kan, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kọ ọ́,
Matbar Singh